Olóólà Tó Bupá fún Àwọn Ọmọ Natako

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ, ọkọ mi kì í ṣe dókítà. Mo ń gbọ́ tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń sọ ọ́ kiri pé Bàbá Adéòkè ni dókítà àkọ́kọ́ ní Natako, àdúgbò wa ní Lókòjà, mo sì máa ń lé wọn kúrò níwájú ilé mi. Olóólà ni. Ilà ojú ló ń kọ fún ọmọ tuntun, ó sì ń dábẹ́ fún àwọn ọmọ ọkùnrin. Mákánjúọlá ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ọmọ Òwòrò ni, láti abúlé kan ní ìdí òkè Agbaja. Iṣẹ́ abẹ ni bàbá rẹ̀ ṣe, òun náà ni bàbá bàbá rẹ̀ ṣe kú. Èmi Bọ́sẹ̀dé ni mo fẹ́ ẹ, nítorí náà ẹnu mi ni kí ẹ ti gbọ́ ọ.

Ẹni tó lọ́ra ni. Bí mo bá ní kí ó bá mi gbé ìkòkò kalẹ̀ lórí iná, ọbẹ̀ á ti jóná kí ó tó dìde. Ó lè jẹun láti ìgbà tí oòrùn bá wà lókè títí á fi wọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti rí ọmọ ọwọ́ báyìí, ara rẹ̀ á yá. Tí obìnrin bá pàdé rẹ̀ lọ́nà pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ọmọ ni yóò kọ́kọ́ kí, yóò bi í bí ó ṣe sùn, yóò bi í bóyá ọmú dùn, kí ó tó wá rántí pé ìyá ọmọ wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn máa ń bínú. Èmi máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n fi í sílẹ̀, bí ó ṣe ń ṣe nínú ilé náà nìyẹn, Adéòkè ọmọ wa ló máa ń kí láàárọ̀ kí ó tó kí èmi tí mo se ẹ̀kọ rẹ̀.

Ohun tó wá ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu ni pé ọkùnrin yìí kò lè fara da ẹkún ọmọdé. Tí ọmọ aládùúgbò bá ń ké, kò ní lè jókòó. Mo ti bi í lọ́pọ̀ ìgbà pé irú olóólà wo nìyí, tí ó ń fi abẹ kọ ojú ọmọ tí kò sì fẹ́ kí ọmọ sunkún. Ìgbín ló fi ń yanjú rẹ̀. Agbọ̀n ìgbín kan wà lábẹ́ ìkòkò omi mi nígbà gbogbo, wọn á jáde, wọn á máa rìn lórí àwo mi, èmi á máa ṣa wọ́n padà, èmi á máa bú u. Bí ó bá ti kọ ilà tán, á fọ́ ìdí ìgbín, á kán omi rẹ̀ sójú ọgbẹ́ náà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé omi ẹ̀rọ̀ ni, ó tutù. Ọmọ á mí kanlẹ̀, á dákẹ́. Láti Natako títí dé etí odò, àwọn ìyá mọ̀ pé ọmọ kì í sunkún pẹ́ lọ́wọ́ Mákánjúọlá. Tápà ń gbé ọmọ wá, Ígálà ń gbé ọmọ wá, àwọn ará Ebira náà ń wá fún ìdábẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wánsámì, olóólà àwọn Háúsá, wà nítòsí wọn.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, òmìnira kò tíì dé. Jacob ni ó ń tọ́jú dìsípẹ́ńsárì kékeré tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, ọmọ Ìjùmú ni, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kì í jẹ́ kí ṣòkòtò kákí rẹ̀ ní ìkákò kankan. Ìjọba fẹ́ kí wọ́n bupá fún gbogbo ọmọ nítorí ìgbóná, èyí tí í fi ojú ènìyàn ṣe yánmayànma bí kò bá pa á. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lónìí, ẹ kò mọ ìgbóná, ẹ dúpẹ́. Nígbà náà, àwọn abupá máa ń tẹ̀lé wolé-wolé wọ agbolé ni, wọn á fa ọmọ lápá, wọn á họ ọ́ bí ẹni ń họ iṣu. Nítorí náà ni àwọn obìnrin ṣe ń sá. Wọn á fi ọmọ sínú agbọ̀n, wọn á fi igbá bò ó, wọn á da ẹ̀wà sínú igbá náà. Obìnrin kan gbé ọmọ rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi ní àárọ̀, ó sì wà lójú odò títí àwọn abupá fi lọ sílé.

Jacob wá bá wa nílé lọ́jọ́ kan. Ó kí mi bí àwọn ará ilé wọn ṣe ń kí ènìyàn, ó ní, "Òkun o, Ìyá," ó jókòó, ó sì mu gbogbo kúnú tí mo fi sílẹ̀ fún ara mi. Mo wò ó dáadáa. Ó sọ fún ọkọ mi pé òun ti ń ṣàkíyèsí pé àwọn ìyá tó ń sá fún abẹ́rẹ́ ìjọba ni wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ara wọn gbé ọmọ wá fún abẹ rẹ̀, pé ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n fọkàn tán. Ó ní kí ó wá kọ́ bí a ṣe ń bupá. Ọkọ mi ní òun á rò ó. Mo mọ̀ pé ó ti rò ó tán, nítorí ó ti ń bi Jacob bóyá abẹ́rẹ́ náà máa ń dun ọmọ.

Kò pẹ́ tó fi mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n á fi òwú àti omi nu apá ọmọ, wọ́n á kán oògùn tó wà nínú ìgò tín-ín-rín sí i, wọ́n á wá fi abẹ́rẹ́ họ ibẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, kí oògùn lè ráyè wọ ara. Jacob kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fi ewé sí i, kò gbọdọ̀ fi ọṣẹ dúdú sí i, kò gbọdọ̀ fi epo tàbí eérú sí i. Ọkọ mi gbà. Èmi wà níbẹ̀, mo gbọ́ tí ó gbà.

Wọ́n gbé bẹ́ǹṣì sábẹ́ igi dọ̀ngóyárò, àwọn obìnrin sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ẹ gbọ́, wọ́n wá o. Kùdírátù aládùúgbò wa, tí ó lé àwọn abupá jáde lọ́jọ́sí, òun ló kọ́kọ́ dé. Jacob dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó. Gbogbo ọmọ tí wọ́n gbé wá ni ọkọ mi bupá fún, ẹkún kò sì gùn.

Martha náà gbé Joseph wá. Ó yẹ kí n sọ ti Martha fún yín. Ọmọ Yàgbà ni, ọkọ rẹ̀ jẹ́ akọ̀wé ìjọba, ilé wọn kò jìnnà sí tiwa. Gìrì ti pa àkọ́bí rẹ̀. Ó pẹ́ kí Joseph tó dé, nígbà tí ó sì dé, Martha kì í fún ẹnikẹ́ni gbé. Kò fún mi gbé rí, èmi tí mo wẹ ọmọ fún ìdajì àdúgbò. Ṣùgbọ́n ó gbé e lé ọkọ mi lẹ́sẹ̀ ní ọjọ́ yẹn, ó yíjú sẹ́yìn, nígbà tí yóò fi yíjú padà, ó ti parí, Joseph ń fi ẹnu mu ìka ọwọ́ Bàbá. Inú ọkọ mi dùn débi pé ó sọ̀rọ̀ jù mí lọ ní alẹ́ yẹn, èyí kì í sì í ṣẹlẹ̀.

Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni pé kí apá ọmọ wú. Á lé ròrò, á ṣe omi, ara ọmọ á gbóná díẹ̀, á wá gbẹ, àpá á sì wà níbẹ̀ títí ayé. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń mọ̀ pé oògùn ti mú. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan kọjá, Jacob lọ yẹ àwọn ọmọ wò láti ilé dé ilé. Apá gbogbo wọn ń dán, kò sí èyí tó wú. Ti Joseph ń dán, ti ọmọ Kùdírátù ń dán. Jacob rò pé oòrùn ló ba oògùn náà jẹ́ lójú ọ̀nà, ó ní kí wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́. Ní àkókò yẹn gan-an ni àwọn apẹja bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ìgbóná ti wọ àwọn abúlé kan lápá òkè odò, pé wọ́n ti ń sin ènìyàn níbẹ̀. Ẹ̀rù ba gbogbo wa. Ọkọ̀ ojú omi kì í jìnnà, ohun tó bá wà lókè odò lónìí lè dé Lókòjà lọ́la.

Oògùn tuntun dé, Jacob sì jókòó ti ọkọ mi láti wo bí ó ṣe ń ṣe é. Ó nu apá ọmọ, ó dára. Ó kán oògùn, ó dára. Ó họ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́. Ọmọ náà ya ẹnu láti ké. Ọkọ mi na ọwọ́ sẹ́yìn, ó mú ìgbín nínú abọ́, ó kán omi rẹ̀ sójú ibẹ̀, ó sì fi òwú nù ún. Ọmọ dákẹ́.

Jacob dìde dúró. Kò pariwo. Ó bi í bóyá bí ó ṣe ṣe fún gbogbo wọn nìyẹn. Ọkọ mi ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ní ṣé ó yẹ kí òun fi ọmọ sílẹ̀ nínú ìrora ni. Jacob rán an létí ìkìlọ̀ tó ṣe fún un. Ọkọ mi ní òun kò fi ewé sí i, òun kò fi epo sí i, omi ìgbín lásán ni, ẹ̀rọ̀ ni. Lójú tirẹ̀, bí ẹni fẹ́ atẹ́gùn sí ọmọ lójú ni.

Jacob ní, "Bàbá, ńṣe ló yẹ kí oògùn yẹn bá ọmọ jà díẹ̀. Ìjà yẹn ni ara rẹ̀ á fi mọ ìgbóná bó bá dé. Ẹ ti nù ún kúrò."

Mo rí ojú ọkọ mi. Ó wo ọmọ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì rọra gbé e fún ìyá rẹ̀. Gbogbo ọmọ Natako tí àwọn ìyá wọn rò pé wọ́n ti bọ́, kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó bọ́, ìgbóná sì ń bọ̀.

Jacob wá sílé wa nírọ̀lẹ́. Kò mu kúnú. Ó ti ronú sí ọ̀nà kan, mo sì sọ fún yín pé èmi fara mọ́ ọn. Ó ní kí a sọ fún àwọn obìnrin pé oòrùn ló ba oògùn àkọ́kọ́ jẹ́. Ó ní irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bi ìbéèrè, a óò sì tún un ṣe láìsí ariwo. Mo ní Jacob ọmọ mi, Ọlọ́run á bù kún ọ. Ẹ̀yin kò mọ ohun tó wà níbẹ̀ fún wa. Ní ìdílé ọkọ mi, olóólà tí iṣẹ́ rẹ̀ bá bàjẹ́ lára ọmọ kò gbọdọ̀ mú abẹ mọ́ láyé. Á di abẹ rẹ̀, á gbé e sókè àjà, ó parí. Bí ó bá lọ sọ níta pé ọwọ́ òun ló bàjẹ́, iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ti kú sí i lọ́wọ́ nìyẹn, a kò sì bí ọmọkùnrin.

Ọkọ mi jókòó pẹ́. Mo ti sọ fún yín pé ó lọ́ra. Nígbà tí ó máa sọ̀rọ̀, ojú mi ló ń wò, kì í ṣe ti Jacob.

Ó ní, "Bí mo bá ní oògùn ló bàjẹ́, ta ló máa tún gbà á? Wọn á ní oògùn ìjọba kò dára, wọn á padà sínú ọkọ̀ ojú omi. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ èmi ni mo bàjẹ́. Wọ́n lè rí olóólà mìíràn, oògùn mìíràn kò sí."

Mo bínú. Mo bú u títí, mo pè é ní olóríkunkun, mo bi í bóyá àwọn obìnrin yẹn ló ń bọ́ wa. Ó fi mí sílẹ̀ kí n bú u tán. Lẹ́yìn náà ó ní kí n wá bá òun wá aṣọ tí òun á fi di abẹ òun. Mo wọ yàrá lọ, mo sunkún, mo sì mú aṣọ funfun tó dára jùlọ nínú àpótí mi wá. Kí ni kí n ṣe? Ọkọ mi ni.

Lọ́jọ́ kejì ó dúró lábẹ́ dọ̀ngóyárò níwájú gbogbo wọn. Ó sọ ọ́ ní Yorùbá, ó tún un sọ ní Háúsá kí àwọn yòókù lè gbọ́. Kò dá oòrùn lẹ́bi, kò dá Jacob lẹ́bi. Ó ní oògùn náà dára, òun ni òun nù ún kúrò lára àwọn ọmọ wọn nítorí òun kò fẹ́ gbọ́ ẹkún. Ó ní kí wọ́n tètè gbé wọn padà wá fún Jacob, pé òun kò ní fọwọ́ kan ọmọ kankan mọ́. Ó tú aṣọ náà kí wọ́n lè rí àwọn abẹ bàbá rẹ̀ nínú rẹ̀, ó sì dì í padà.

Kùdírátù pòṣé. Obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè, àwọn mìíràn ní kó fẹnu mọ́. Martha fa ọ̀já rẹ̀ le mọ́ Joseph, ó sì bá ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kejì ọjọ́ náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá Jacob, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ná, kí wọ́n tó wá pọ̀. Wọ́n ń bínú sí ọkọ mi, ṣùgbọ́n wọ́n wá. Bó ṣe wí gẹ́lẹ́ ló rí, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń bú, wọn kò bú oògùn. Jacob kò ní ọwọ́ ẹ̀rọ̀, kí Ọlọ́run dárí jì í. Ẹkún àwọn ọmọ ń dé ilé wa láti ibi bẹ́ǹṣì náà. Ọkọ mi á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa lọ́ okùn, ọwọ́ rẹ̀ á dúró bí ọmọ kan bá ké, á tún máa lọ. Nígbà tí mo ní kí ó wọlé, ó ní rárá, òun fẹ́ máa gbọ́ ọ.

Gbogbo àwọn tí ọkọ mi ti bupá fún ni wọ́n padà wá, àfi Martha. Jacob lọ pè é, ó ní òun ń bọ̀, kò sì wá. Ọkọ rẹ̀ wà ní Kàbà nídìí iṣẹ́, kò sí ẹni tí yóò bá a sọ ọ́. Ìròyìn sì dé pé wọ́n ti rí apẹja kan tí ìgbóná mú ní etí odò wa níbí, wọ́n ti gbé e kọjá sí òdìkejì kó má baà ran ènìyàn. Joseph nìkan ló kù lọ́mọdé nínú agbolé wọn tí apá rẹ̀ ń dán. Ọkọ mi kò lè jẹun mọ́. Ó lọ sílé Martha, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bẹ̀ ẹ́ kó gbé ọmọ lọ bá Jacob. Kò ṣílẹ̀kùn. Ó padà wálé, ó jókòó, ó ní tí ohunkóhun bá ṣe ọmọ yẹn, òun kò mọ bí òun á ṣe máa kí ọmọ lọ́nà mọ́.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi dìde. Mo so gèlè mi, mo gba ilé Martha lọ, mo sì gbá ilẹ̀kùn títí ó fi ṣí i. Mo sọ ohun tó wà nínú mi fún un. Mo ní ọkọ mi ti gbé iṣẹ́ bàbá rẹ̀ sókè àjà nítorí ọmọ rẹ̀ àti ọmọ àwọn ẹlòmíràn, kí ló tún kù tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní tí inú bá ń bí i sí àgbàlagbà, kó bínú sí i, kó má fi ọmọ ọwọ́ gbẹ̀san. Ó kàn dúró, ó gbá Joseph mọ́ra, omi ń jáde lójú rẹ̀, èmi náà sì rí i pé n kò mọ ohun tó ń dà á láàmú rárá. Mo padà sílé, ojú ti ń tì mí díẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ṣáájú kí n tó dáná, Martha dúró lójúde wa. Ó kúnlẹ̀ kí ọkọ mi. Ọkọ mi kò kí ọmọ. Ó ní kí ó tètè máa lọ, Jacob á ti ṣílẹ̀kùn.

Martha ní, "Mi ò fẹ́ Jacob, Bàbá. Ẹ̀yin ni mo gbé e wá fún."

Ọkọ mi ṣàlàyé fún un pé kò ṣeé ṣe, pé ní ìdílé àwọn, ọwọ́ tó bá ti bàjẹ́ kì í gba ọmọ mọ́. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Martha jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ó ní, "Nígbà tí àkọ́bí mi ń kú lọ́wọ́ mi, gbogbo wọn ni wọ́n ń sọ fún mi pé kò sí nǹkan kan. Èyí tó fún un ní àgbo ní kò sí nǹkan kan, èyí tó gbàdúrà ní kò sí nǹkan kan. Wọ́n ń sọ ọ́ títí ó fi kú. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ ti sọ fún mi rí pé nǹkan wà. Ẹ̀rù ló bà mí, Bàbá, kì í ṣe pé mo bínú. Ẹni tí kò ní purọ́ fún mi lórí ọmọ mi ni kó mú un."

Ó gbé Joseph, ó sì gbé e lé ọkọ mi lẹ́sẹ̀.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, n kò lè lọ síwájú, n kò lè padà sẹ́yìn. Ọkọ mi wò mí, bí ẹni ń béèrè. Àṣẹ ìdílé rẹ̀ ni, kì í ṣe tèmi, ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé ẹni tí ọmọ bá wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kì í ti ọmọ dànù, kó dìde kí a máa lọ. Ó dìde. N kò rí i kí ó yára dìde bẹ́ẹ̀ rí.

Ní dìsípẹ́ńsárì, Jacob gbé oògùn fún un. Ọkọ mi nu apá ọmọ náà, ó kán an, ó họ ọ́. Joseph ya ẹnu, ó ké. Ọkọ mi gbé e mọ́ àyà, kò fi ohunkóhun kan apá náà, ó kàn ń sọ fún un pé pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, pé òun gbọ́ ọ, omi sì ń bọ́ lójú òun náà sórí ọmọ. Martha na ọwọ́, ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú ọkọ mi. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó ké, Bàbá. Kó ṣá máa ké."

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí àárọ̀ tí ọkọ mi kò kọ́kọ́ lọ sílé Martha. Á ní kí ó ká aṣọ ọmọ sókè, á wo apá rẹ̀, á padà wálé. Mo bi í lọ́jọ́ kìíní, ó ní ó ń dán. Mo bi í lọ́jọ́ kejì, ó ní ó ṣì ń dán. Lẹ́yìn náà n kò bi í mọ́, nítorí ojú rẹ̀ ti sọ ọ́. Àwọn apẹja méjì mìíràn ti dùbúlẹ̀ ní òdìkejì odò. Mo ń gbàdúrà, mo sì ń bú Ọlọ́run díẹ̀ nínú àdúrà náà, kò sì dùn mí pé mo ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo ń gé iṣu lọ́wọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà tí mo gbọ́ ariwo lójú títì. Ọkọ mi ni, ẹni tí kì í gbé ohùn sókè. Ó ń sáré bọ̀ láti ilé Martha, Joseph wà léjìká rẹ̀, ó ń ké gidigidi, Martha ń sáré tẹ̀lé e láìwọ bàtà. Kùdírátù ti jáde síta, àwọn ènìyàn ń yọjú láti ojú fèrèsé, wọ́n rò pé ikú ti wọlé.

Ó gbé ọmọ náà dé iwájú mi. Ó ń rẹ́rìn-ín, kò lè mí dáadáa. Ó ní, "Ìyá Adéòkè, ó ti wú! Wò ó, ó ti lé ròrò."

Mo ju ọ̀bẹ sílẹ̀, mo nu ọwọ́ mi, mo sì na ọwọ́ sí Martha láti béèrè. Ó mi orí pé kí n gbà á. Mo gba Joseph lọ́wọ́ ọkọ mi. Ara rẹ̀ gbóná, apá rẹ̀ wú, inú ń bí i sí gbogbo wa, ó sì ń ké mọ́ mi létí. Mo gbé e mọ́ra, mo sì ń jó pẹ̀lú rẹ̀ lójúde níbẹ̀, níwájú gbogbo Natako.